Ìrírí Mi Nídìí Iṣẹ́ Àfọ́kù: Bí A Ṣe Ń Fi Àpáàdì, Àwo àti Ìgò Ṣe Ọgbà Lọ́ṣọ̀ọ́ ní Àjàṣẹ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àfọ́kù ṣe ọgbà lọ́ṣọ̀ọ́, àkójọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ kí ó tó mọ àwòrán. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wá sí ọ̀dọ̀ mi ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, pé kí n kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí ni wọ́n máa ń mú àwòrán òdòdó tàbí ti ẹyẹ ọ̀kín lọ́wọ́ wá, tí wọ́n sì máa ń béèrè ibi tí wọn yóò ti rí àfọ́kù aláwọ̀ aró àti aláwọ̀ ewé tí yóò bá a mu. Ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n gbé àwòrán náà tì ná, kí wọ́n máa ṣa ohun tí àdúgbò wọn bá fún wọn, kí wọ́n sì pín in sínú agbọ̀n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, títí wọn yóò fi mọ èyí tí ó pọ̀ lọ́wọ́ wọn àti èyí tí ó ṣọ̀wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ àtòpọ̀ àfọ́kù, èyí tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní mosaïque, gbogbo èyí tí ó dára jù lọ nínú iṣẹ́ mi ni ó jẹ́ pé àfọ́kù ni ó yan àwòrán. Nígbà kan tí àpáàdì tí èéfín ti sọ di dúdú pọ̀ lọ́wọ́ mi, tí ìkarahun funfun kéékèèké sì kún agbọ̀n kejì, ẹyẹ ẹtù ni ó jáde lára wọn, nítorí pé n kò mọ ẹyẹ mìíràn tí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú tí ó sì ní àmì funfun wínníwínní bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti fi dandan wá ọ̀kín, ǹ bá máa ra kàrò, ìyẹn táìlì, tuntun kí n lè fọ́ ọ, n kò sì rí ìdí kankan tí ó fi yẹ kí ènìyàn ra ohun tí ó wà lódindi kí ó sì sọ ọ́ di àfọ́kù nígbà tí ìlú kún fún èyí tí ó ti fọ́ tẹ́lẹ̀.

Àjàṣẹ́ kò ṣaláìní àfọ́kù. Níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń parí ilé tuntun, àwọn tí ń tẹ́ kàrò sílẹ̀ máa ń gé etí àti igun rẹ̀ dànù, a sì tún máa ń bá àwọn tí ó ti fọ́ láti inú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí ènìyàn bá kí wọn dáadáa, tí ó sì bá wọn gbá ibi iṣẹ́ mọ́, tayọ̀tayọ̀ ni wọn yóò fi ní kí ó máa kó o lọ. Àwọn ìyá tí ń ta ìkòkò amọ̀ lọ́jà Ouando mọ̀ pé kò sí ẹrù ìkòkò tí í wọ ọjà kí ọ̀kan má fọ́ nínú rẹ̀. Àwọn tí ń yáni ní àwo fún ìgbéyàwó àti ìnáwó òkú àgbà kì í ṣaláìní àpò àwo fífọ́ lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀. Ìkarahun ìṣáwùrù àti ti àwọn ohun mìíràn tí wọ́n ń kó nínú ọ̀sà wà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń pa ẹja, ìkarahun ìgbín wà lẹ́yìn ilé oúnjẹ, ìgò sì wà níbi gbogbo. Àpẹẹrẹ tí ó ga jù lọ wà nínú ìlú yìí kan náà: Romuald Hazoumè, tí a bí ní Àjàṣẹ́ ní 1962, ti fi bídọ̀n, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n fi ń ru epo ẹ̀sáǹsì (bẹntiróòlù) láti Nàìjíríà ṣe ìbòjú tí àwọn ilé àfihàn ńláńlá ní òkè òkun ń gbé kalẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Arnold Bode ní ìlú Kassel ní Jámánì ní 2007. Ohun tí mo kọ́ lára iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò pa bídọ̀n rẹ̀ mọ́ sábẹ́ ọ̀dà; ẹnu bídọ̀n wà níbẹ̀ bí ẹnu, ọwọ́ tí a fi ń dì í mú wà níbẹ̀ bí imú, ẹni tí ó bá sì wò ó mọ ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fẹ́ kí ẹni tí ó bá jókòó sínú ọgbà tí mo ṣe lè fi ọwọ́ kan ara ògiri kí ó sì sọ pé, etí ìṣasùn nìyí, ìdí ìgò nìyí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àfọ́kù tí ojú bá rí ni ọwọ́ ń mú. Ìkòkò tí a bá bá ní oríta, ní ẹsẹ̀ ìrókò tàbí níwájú ojúbọ Lẹ́gbà (Èṣù) ní ẹni tí ó ni ín, bí ó tilẹ̀ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, ohun tí ó bá sì wà lórí sàréè kò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó fi í síbẹ̀. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ lé mi lọ ṣa nǹkan, torí pé ọ̀wọ̀ ará ìlú ni ó ń jẹ́ kí a rí iṣẹ́ náà ṣe. Ohun kejì tí n kì í fọwọ́ kàn ni ara àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà tí wọ́n padà dé láti Bràsíìlì àti àwọn ọmọ wọn kọ́, irú ọnà tí ó hàn lára Mọ́sáláṣí Ńlá àtijọ́ tí wọ́n kọ́ láàárín 1912 sí 1935. Àwọn kan máa ń yọ ọnà ara àwọn ilé bẹ́ẹ̀ tí òrùlé wọn bá ti jìn, wọ́n ní ilé ti wó. Lójú tèmi, ògiri tí ó bá ṣì dúró ṣì lè rí alátùn-únṣe, ìdí nìyẹn tí ọnà ara rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ dúró síbi tí ó wà. Bí ilé kan bá ti wó tán pátápátá, tí ẹbí sì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí a kó àlàpà náà kúrò, mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí a lo àfọ́kù rẹ̀ fún ọgbà tí wọn yóò dá sórí ilẹ̀ kan náà, kí ohun tí àwọn baba wọn fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ má baà kúrò nínú àgbàlá.

Nínú gbogbo ohun tí ó wà nínú agbọ̀n mi, àpáàdì ni mo fẹ́ràn jù lọ. Àwọn àgbà ní àpáàdì ni ó tó ko iná lójú, mo sì lè jẹ́rìí pé ó tó ko oòrùn náà lójú, nítorí pé iná ti fi àwọ̀ rẹ̀ sí i lára kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò sì ní ohun tí ó tún lè ṣá mọ́. Ẹni tí kò tíì fi sùúrù wò ó yóò rò pé àwọ̀ kan ṣoṣo ni ó ní, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́yìn òjò, a óò rí pupa bí ilẹ̀ Àjàṣẹ́, a óò rí èyí tí ó fẹ́ẹ́ rí bí ẹ̀wà sísè, a óò rí èyí tí inú rẹ̀ dúdú tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì pupa, a óò sì rí àwọn tí amọ̀kòkò ti fi ṣúkù àgbàdo yí ọnà sí lára kí wọ́n tó sun ún.

Àpáàdì ní ìwà kan tí ẹni tí ń lò ó gbọ́dọ̀ mọ̀: ó ń mu omi. Bí a bá kán omi sí ẹ̀yìn èyí tí ó gbẹ, ojú ẹsẹ̀ ni omi náà yóò wọlé, àmì rẹ̀ nìkan ni yóò kù. Ohun kan náà ni ó ń ṣe fún sìmẹ́ńtì tí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́, ó ń fa omi inú sìmẹ́ńtì kí èyí tó rí àyè le. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé gbígbẹ ni sìmẹ́ńtì ń gbẹ tí ó fi ń le, kò sì rí bẹ́ẹ̀; omi gan-an ni ó fi ń le, bí omi bá sì tètè fi í sílẹ̀, ìyẹ̀fun ni yóò kù. Kí èyí lè yé àwọn tí mo ń kọ́, mo máa ń tẹ́ àpáàdì méjì sórí bíríkì kan náà, ọ̀kan gbígbẹ, ọ̀kan tí a ti rẹ sínú omi, a óò sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Àtàǹpàkò lásán ni a fi ń ti èyí tí ó gbẹ tí í fi í ṣí, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì mọ́ bí ẹni pé kò fara kan sìmẹ́ńtì rí. Èyí tí a rẹ yóò gba òòlù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì là sí méjì kí ó tó gbà láti kúrò. Nítorí náà a máa ń da àpáàdì sínú ọpọ́n omi, afẹ́fẹ́ kéékèèké yóò máa hó jáde láti ara rẹ̀, nígbà tí híhó náà bá dáwọ́ dúró, ó ti yó nìyẹn. A óò yọ ọ́, a óò jẹ́ kí omi ojú rẹ̀ rọ̀ dànù, a óò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí a fẹ́.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ inú ọgbà ni ó tún kọ́ mi ní ohun tí àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, a ṣì lè rí ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ní ohun tí ó ju 500 ọdún lọ sẹ́yìn, tí wọ́n sì fi òkúta funfun kéékèèké há a láàárín ní àwọn ibòmíràn; ìtàn àtẹnudẹ́nu ibẹ̀ sọ pé Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe é kí ẹsẹ̀ má baà máa kan ẹrẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà kò tẹ́ àpáàdì wọn ní ibùlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi gbé e dúró, wọ́n tò ó ní ẹsẹẹsẹ, ẹsẹ kan dojú kọ òsì, ekejì dojú kọ ọ̀tún, bí egungun ẹja. Ìdí rẹ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tẹ àpáàdì mọ́lẹ̀ rí: èyí tí ó bá dùbúlẹ̀ yóò fọ́ lábẹ́ gìgísẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ dúró, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì há a mọ́ ọ̀tún àti òsì, kẹ̀kẹ́ tí ó ru omi lè gba orí rẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe gbogbo ọ̀nà ọgbà mi. Ó ń jẹ àpáàdì púpọ̀, nítorí pé fífẹ̀ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ni, kì í ṣe sójú, ṣùgbọ́n àpáàdì kò wọ́n, ẹsẹ̀ kì í sì í yọ̀ lórí rẹ̀ nígbà òjò bí ó ti ń yọ̀ lórí kàrò dídán.

Àwo tánganran ní tirẹ̀ ń béèrè ọgbọ́n mìíràn. Àárín àwo, níbi tí òdòdó tàbí àwòrán máa ń wà, ni ó lẹ́wà jù lọ, abẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni òrùka tí àwo fi ń jókòó wà, òrùka yìí kì í sì í jẹ́ kí àfọ́kù náà tẹ́jú. Obìnrin kan gbé àwo ìyá rẹ̀ tí ó ti dolóògbé wá fún mi, ó ti fọ́ sí mẹ́ta, ó sì bẹ̀ mí pé kí òdòdó pupa àárín rẹ̀ hàn lódindi lára ògiri kànga ilé wọn. Mo ní, “Ìyá, ẹ fún mi láàyè díẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú.” Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀mú ni a fi ń ṣe é, kì í ṣe òòlù. Láti etí ni a ti ń bu ún jẹ díẹ̀díẹ̀, ẹnu ẹ̀mú kì í wọlé ju bí èékánná ṣe gùn lọ, a ó sì máa yí àwo náà ká bí a ti ń ṣe é, kí agbára má baà kó sí ojú kan. Ojú ibi tí ó ti là tẹ́lẹ̀ ni mo fi ṣe igi òdòdó náà: mo jẹ́ kí ìlà tín-ín-rín sìmẹ́ńtì gba ibẹ̀ kọjá, mo sì to àfọ́kù ewéko tẹ̀ lé e. Ní ti òrùka abẹ́ rẹ̀, n kò fá a, mo gbẹ́ sìmẹ́ńtì tútù jìn níbẹ̀ kí òrùka náà lè rì sínú rẹ̀, ó sì wá di ohun tí ó di àwo náà mú ju bí àtè èyíkéyìí ti lè ṣe lọ. Ní ìlú Chartres ní ilẹ̀ Faransé, Raymond Isidore, tí ó gbé ayé láti 1900 sí 1964, tí iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ sì jẹ́ gbígbá ilẹ̀ itẹ́ òkú, fi àfọ́kù àwo tí ó ń ṣà kiri bo ilé rẹ̀ nínú àti lóde, àti ọgbà rẹ̀, títí kan àga àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn ènìyàn ń lọ wò ó títí di òní olónìí. Mo máa ń sọ ìtàn ọkùnrin yìí fún àwọn tí wọ́n rò pé ó di ìgbà tí ènìyàn bá lówó kí ó tó lè ṣe ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

Ìgò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, bí kò ṣe ọ̀kan tí ó ṣe kókó. Ìgò aláwọ̀ ewé tí a bá tẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì aláwọ̀ eérú yóò dúdú, a kò sì ní mọ̀ pé ìgò ni, nítorí pé ojú ń rí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò wọlé, yóò kan funfun náà, yóò sì padà jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé. Etí rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi òkúta ìpọ́nbẹ àti omi lọ̀ títí ìka yóò fi lè kọjá lórí rẹ̀ láìya, ibi tí kò sì sí ọwọ́ ọmọdé tàbí ẹsẹ̀ lásán ni mo máa ń fi í sí, ìyẹn òkè ògiri tàbí ara òpó. Dígí ìwojú kì í pẹ́ níta. Sìmẹ́ńtì àti ọ̀rinrin ń jẹ fàdákà ẹ̀yìn rẹ̀, yóò sì dúdú láti etí wọ inú. Ìdérí ìgò onírin ń dípẹtà lọ́dún kan. N kì í lo méjèèjì níta gbangba.

Ohun tí ó ń pinnu bóyá iṣẹ́ yóò pẹ́ kò sí lójú rárá, abẹ́ ni ó wà. Yanrìn ni mo máa ń kọ́kọ́ bá wí. Èyí tí ó bá ti inú omi oníyọ̀ wá kò dára, nítorí pé iyọ̀ inú rẹ̀ yóò tú jáde ní ojú iṣẹ́ bí ìyẹ̀fun funfun lẹ́yìn oṣù mélòó kan, yóò sì jẹ irin tí a bá fi sí abẹ́ rẹ̀. Yanrìn odò, irú èyí tí wọ́n ń kó láti odò Ouémé, ni mo ń lò, síbẹ̀ mo máa ń fọ̀ ọ́. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ bóyá amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ rọrùn: a óò bu yanrìn dé ìdajì ìgò funfun, a óò bu omi lé e, a óò mì í dáadáa, a óò sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn yóò ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀, amọ̀ yóò sì tẹ́ sórí rẹ̀. Bí ìpele amọ̀ yìí bá nípọn, ó yẹ kí a tún yanrìn náà fọ̀, torí pé amọ̀ kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì di yanrìn mú. Sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan sí yanrìn ìwọ̀n 3 ni mo ń pò, omi rẹ̀ kì í sì í ju ohun tí yóò jẹ́ kí ó dúró bí a bá fún un ní àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹni tí ó bá ń bu omi sí i kí ó lè rọrùn láti tẹ́ ń ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́, nítorí pé omi tí ó bá pọ̀ jù yóò fi ihò sílẹ̀ nígbà tí ó bá gbẹ.

Ìgbà tí a ń ṣe é náà ṣe pàtàkì. Òjò ńlá wa láti oṣù kẹrin dé oṣù keje ń fọ sìmẹ́ńtì tútù dànù, àmọ́ ọyẹ́ gan-an ni ó burú jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń fa omi kúrò lójú iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lásìkò ọyẹ́, mo máa ń rẹ àpò ìdọ̀họ sínú omi, mo ń fi bo iṣẹ́ náà, mo sì ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Agbára sìmẹ́ńtì a sì máa lọ sókè títí dé bí ọjọ́ 28, kí onílé má ṣe jẹ́ kí ọmọdé máa fò lórí rẹ̀ kí ìgbà náà tó pé. Mo tún fẹ́ sọ ọ́ tọkàntọkàn pé sìmẹ́ńtì ń jó ara: ẹni tí ń fi ọwọ́ òfìfo pò ó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ yóò rí i pé awọ ìka rẹ̀ ń bó. Ìbọ̀wọ́ onírọ́bà kì í ṣe àṣejù. Bẹ́ẹ̀ náà ni awò ojú nígbà tí a bá ń gé àfọ́kù. Kí a sì rẹ kàrò sínú omi kí a tó gé e, nítorí pé eruku rẹ̀ ń lọ dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ilẹ̀ pupa wa náà ní ìwà tirẹ̀. Òjò ń ta á sókè ara ògiri dé nǹkan bí orúnkún, ohunkóhun tí ó bá funfun ní ìwọ̀n ibẹ̀ yóò sì pupa kí òjò ọdún náà tó parí. Àpáàdì àti kàrò pupa ni mo ń fi sí ìsàlẹ̀ nítorí èyí, tánganran àti ìkarahun wà lókè. Sìmẹ́ńtì eérú ni mo sì ń fi dí àlàfo àárín àfọ́kù níta, àfi níbi tí ìgò bá wà. Àlàfo náà kì í ju mìlímítà 3 sí 5 lọ. Bí ó bá fẹ̀ jù, sìmẹ́ńtì ni ojú yóò máa rí dípò àfọ́kù, bí kò bá sì sí àlàfo rárá, omi yóò rí ibi gbà wọlé.

Iṣẹ́ tí ó gba ìrònú mi jù lọ ni ìjókòó roboto tí mo ṣe yí igi máńgòrò kan ká ní àgbàlá ilé ńlá kan. Àwọn mọlémọlé tí wọ́n kọ́kọ́ pè fẹ́ tẹ́ kàrò lódindi sí i, wọ́n sì ti sọ pé kò ṣeé ṣe, nítorí pé ohun tí ó tẹ́jú kò lè bá ohun tí ó tẹ̀ lọ. Àfọ́kù ni ó lè ṣe é. Ní Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì, àwọn ayàwòrán ilé méjì, Antoni Gaudí àti Josep Maria Jujol, mọ èyí dáadáa nígbà tí wọ́n fi àfọ́kù kàrò bo ìjókòó gígùn tí ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ ní Park Güell, ọgbà tí wọ́n kọ́ láàárín 1900 sí 1914. Ibi tí ó bá tẹ̀ púpọ̀, àfọ́kù ibẹ̀ yóò kéré. Ibi tí ó bá tẹ́jú, ó lè tóbi. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó kéré tó, kí ó di ojú, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí rẹ̀, ọwọ́ yóò rí ohun tí ojú kò rí. Ní ti igi náà fúnra rẹ̀, mo sọ fún onílé pé máńgòrò kò tíì dàgbà tán, a sì fi àyè tí ó tó gígùn apá sílẹ̀ láàárín ìjókòó àti ìdí igi. A tún pín ìjókòó náà sí ìpín ìpín, àlàfo wà láàárín wọn, kí ó lè jẹ́ pé bí gbòǹgbò bá gbé ìkan sókè lọ́jọ́ iwájú, ìkan náà nìkan ni a óò tún ṣe.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí a ń gbà ṣe é, tí ó dára fún ohun tí ó ní ìlà tó ṣe gbọnrangbọnran. Àlájì kan ní àdúgbò Jásìn fẹ́ kí a kọ Bísímílàhì sókè ẹnu ọ̀nà ọgbà rẹ̀, kí a sì fi ọnà yí i ká, láìsí àwòrán ohun ẹlẹ́mìí kankan. Fún irú èyí, a óò ya á sórí bébà àpò sìmẹ́ńtì tí ó ti ṣófo, a óò fi ẹ̀kọ láfún lẹ àfọ́kù mọ́ ọn ní ìdojúbolẹ̀, a óò tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì tútù lára ògiri, lọ́jọ́ kejì a óò sì fi omi rẹ bébà náà títí yóò fi bó. Ojú iṣẹ́ yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, bí àfọ́kù tilẹ̀ nípọn ju ara wọn lọ, nítorí pé ẹ̀yìn ni ìyàtọ̀ náà ti wà. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni pé ọ̀tún yóò di òsì. Òdòdó lè fara da ìyẹn, ìwé kíkọ kò lè fara dà á; òdì ni a gbọ́dọ̀ ya á sí orí bébà, mo sì ní kí Àlájì fúnra rẹ̀ gbé dígí sí iwájú bébà náà kí ó kà á nínú rẹ̀ kí a tó lẹ àfọ́kù kankan. Nígbà tí ó kà á tán, ó ní kí a gbé e ga ju bí mo ti wọ̀n ọ́n lọ, kí ejìká ẹni tí ń wọlé má baà máa kàn án, a sì gbé e ga.

Bí ọgbà bá ní àwo omi fún ẹyẹ, ìkòkò òdòdó tàbí táyà tí a fi àfọ́kù bò, mo máa ń lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi má baà dúró síbẹ̀, nítorí pé ẹ̀fọn ń yé sínú omi tí kò ju ìdajì ife lọ. Èyí tí ó bá jẹ́ ti ẹyẹ, tí kò sì lè ní ihò, onílé ni yóò máa da omi rẹ̀ nù léraléra, mo sì máa ń sọ ọ́ fún un kí n tó gba iṣẹ́ náà. Bí kò bá lè ṣe é, a óò ṣe ohun mìíràn. Lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, ewédò aláwọ̀ ewé máa ń hù sí ibi tí òjìji wà. Búrọ́ọ̀ṣì, omi àti ọṣẹ dúdú tó o; ásíìdì tí àwọn kan fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ ń jẹ sìmẹ́ńtì àti ìkarahun, kò sì yẹ kí ó dé ibẹ̀.

Nígbà tí mo bá parí iṣẹ́ kan, mo máa ń fi àpò kékeré kan sílẹ̀ fún onílé, tí àfọ́kù irú èyí tí mo lò wà nínú rẹ̀ ní oríṣiríṣi, nítorí pé ọmọ yóò gbá bọ́ọ̀lù lu ògiri lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ yóò sì fi ìwo ha á, kò sì sí ọjà tí a ti lè rí irú àwo náà rà mọ́. Sìmẹ́ńtì ni n kì í fi sílẹ̀, torí pé ọ̀rinrin Àjàṣẹ́ ń sọ ọ́ di òkúta nínú àpò. Ọjọ́ tí ó bá fẹ́ tún un ṣe ni kí ó ra tuntun.